Ohùn Alhaji àti Ètò Tuntun Inú Kọ̀ǹpútà

Ọjọ́bọ̀, 8 Oṣù Kìíní

Ọyẹ́ mú púpọ̀ lówùúrọ̀. Eruku bo ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ ẹ̀yìnkùlé tí ó fi funfun. Ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn oníbatisí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ti kọ́ wa pé ojú ọjọ́ ni a ń kọ́kọ́ kọ sílẹ̀, kí ènìyàn má baà rò pé ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni ayé fi bẹ̀rẹ̀. Mo ti kọ ojú ọjọ́. Ó ku ọ̀rọ̀ tèmi.

Bí mo ti tan kọ̀ǹpútà fún ìdánrawò ọ̀rọ̀ sísọ Alhaji, ọkọ mi, ni ẹ̀rọ náà tún gbé ìkìlọ̀ rẹ̀ síta. Ó ní ètò ìpìlẹ̀ tí òun fi ń ṣiṣẹ́ ti gbó, pé àwọn tí ó ṣe é kò ní dáàbò bò ó mọ́, pé kí n gba tuntun. Mo tẹ ibi tí wọ́n kọ "rán mi létí" sí, gẹ́gẹ́ bí mo ti ń ṣe láti ìgbà ọdún Màólúdì, ó ti tó oṣù mẹ́rin báyìí.

Lẹ́yìn náà ni mo ṣí ètò ìgbọ́hùn. Ohùn Alhaji jáde, ohùn ìgbà tí ara le, tí ó ń ṣe wàásù Ramadan ní mọ́sáláásí wa tí àwọn ènìyàn ń jókòó dé ojú ọ̀nà. Ètò náà gé wàásù ọ̀hún sí wẹ́wẹ́: á sọ gbólóhùn kan, á dákẹ́, kí Alhaji lè tún un sọ lẹ́yìn ara rẹ̀. Kò tún un sọ. Ó kọjú sí ògiri, ó ń gbọ́. Láti ìgbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú apá ọ̀tún rẹ̀ tí ó sì gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀, báyìí ni a ti ń ṣe láràárọ̀. Ìgbàgbọ́ mi ni pé ọ̀rọ̀ tí ó ti ẹnu ènìyàn jáde rí yóò mọ ọ̀nà padà.


Ọjọ́ Àìkú, 11

Ọyẹ́ ṣì ń jà, ètè gbogbo wa ti là. Aasiyah, ọmọ wa, wá láti Akọ̀wọ́njọ. Ó gba ọjà Shasha kọjá láti ra tòmátì. Ó ní iye tí òun fi ra agbọ̀n kékeré kan ìbá ra ewúrẹ́ nígbà tí òun wà ní yunifásítì. Mo ní kí ó má ṣe parọ́ nítorí tòmátì. Ó ní kí n lọ béèrè.

Ó mú ìròyìn mìíràn wá. Ilé ìwòsàn ti ránṣẹ́ sí i pé láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejì, ètò tuntun ni Dókítà Hephzibah yóò máa fi bá àwọn tí ó ń kọ́ ní ọ̀rọ̀ sísọ pàdé, ètò yìí kì í sì í wọ inú kọ̀ǹpútà tí ó bá ṣì wà lórí ètò ìpìlẹ̀ àtijọ́. Ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni dókítà yìí ń yọ sí wa lójú kọ̀ǹpútà, tí ó ń la ẹnu kí Alhaji lè rí bí ahọ́n ti ń gbé ọ̀rọ̀. A ti dán ti fóònù wò. Ojú rẹ̀ kéré, inú sì ń bí Alhaji sí i.

"Màmá, ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn," ni Aasiyah wí. "Ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe ọ́pùgíréèdì rẹ̀. Kí lẹ tún ń rò?"

Mo ní mo ń rò ó.

"Láti Màólúdì lẹ ti ń rò ó."

Mo sọ fún un pé ẹni tí ó ṣì ń ronú kò tíì ṣìnà. Ó wo bàbá rẹ̀ bí ẹni pé kí ó gbè é, lẹ́yìn náà ó wolẹ̀, ó lọ gé tòmátì.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13

Lẹ́yìn tí dókítà ti kí wa pé ó dàbọ̀, mo gbé kọ̀ǹpútà lọ bá Táyéwò ní Ẹ̀gbẹ́dá, ẹni tí ó ń bá wa tún un ṣe. Oòrùn mú, ọyẹ́ kò sì tíì lọ, àwọn méjèèjì jọ ń na ènìyàn.

Táyéwò ní ẹ̀rọ náà lè gba ètò ìpìlẹ̀ tuntun bí a bá fi kún agbára rẹ̀ díẹ̀. Ètò ìgbọ́hùn ni ìṣòro. Ọmọ jámáà mọ́sáláásí wa kan ló ṣe é fún wa kí ó tó kó lọ sí òkè òkun, kò sì sí irú rẹ̀ níbòmíràn. Gbogbo wàásù Alhaji wà nínú rẹ̀ bí ẹrù inú àpótí, òun nìkan ló sì ní kọ́kọ́rọ́. Táyéwò dán an wò lórí kọ̀ǹpútà mìíràn tí ó ti gba tuntun. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú.

"Alhaja, mi ò ní parọ́ fún yín," ni ó wí. "Tí mo bá gbé tuntun wọlé, ohùn Alhaji ò ní sọnù o. Ó máa wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n kò ní sí ohun tó máa ṣí i."

Ó ní fóònù lè gba díẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè gé e sí wẹ́wẹ́ fún ìdánrawò. Mo bi í bóyá ètò méjèèjì lè jọ gbé inú ẹ̀rọ kan. Ó ní àyè inú rẹ̀ kéré, ó ní, "Ẹ̀rọ yìí ò lágbára ìyàwó méjì." Mo wò ó. Ó tọrọ àforíjì. Mo béèrè iye tí tòkunbọ̀ mìíràn ń lọ. Ó sọ ọ́ fún mi. Mo dúpẹ́, mo gbé tiwa.

Bí mo ti ń bọ̀ ni mo ń yẹ̀ ẹ́ wò. Bí mo bá gba tuntun, Alhaji yóò pàdánù ohùn tí ó ti ní. Bí mo bá kọ̀ ọ́, yóò pàdánù olùkọ́ tí ó lè bá a wá òmíràn. Ọ̀nà méjèèjì ni ó gba ẹnu rẹ̀ kọjá.


Ọjọ́rú, 14

Kò sí iná. Ọyẹ́ rọlẹ̀ díẹ̀. Alhaji jẹ ẹ̀kọ rẹ̀ tán.


Ọjọ́ Ẹtì, 16

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ mo fi ọ̀rọ̀ náà lọ Lémọ́mù wa. Ó kọ́kọ́ rò pé ilẹ̀ ni mo fẹ́ tà. Nígbà tí ó yé e pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà ni, kò rẹ́rìn-ín, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí èyí. Ó ní kò sí ohun tí ó kéré jù láti fi síwájú Ọlọ́hun, kí n kí ìrun ìsìtìkáárà, kí n bẹ Ẹni tí ó mọ ohun tí n kò mọ̀ pé kí ó yàn fún mi. Ó kìlọ̀ pé kí n má ṣe jókòó ti àlá. Ọ̀nà tí ó bá rọrùn lẹ́yìn àdúà ni kí n tọ̀.

Mo gbà. Síbẹ̀, mo mọ̀ nínú ara mi pé àlá ni mo fẹ́.


Ọjọ́ Ajé, 19

Mo ti ń kí ìrun náà láti ọjọ́ Ẹtì. N kò lá àlá kankan àfi ti agogo ilé-ẹ̀kọ́ wa àtijọ́, èyí tí mo máa ń lá bí mo bá jẹ ẹ̀wà lálẹ́.

Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, bí Táyéwò ti wọlé láti wá fi kún agbára ẹ̀rọ náà, ẹsẹ̀kẹsẹ̀ ni iná lọ. Ó dúró títí, ó sì padà. Lónìí, ìkìlọ̀ náà tún yọ, kí n tó fọwọ́ kàn án, kọ̀ǹpútà dì gbagidi. Mo sọ fún Aasiyah lórí fóònù pé bóyá àmì ni, bóyá Ọlọ́hun kò fẹ́ kí a fọwọ́ kàn án.

"Màmá, tí iná tó lọ bá jẹ́ àmì, a jẹ́ pé gbogbo Alimosho wa yìí ni Ọlọ́hun ń bá wí lójoojúmọ́."

Mo ní kí ó má fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun ṣe àwàdà. Lẹ́yìn tí mo gbé fóònù sílẹ̀, èmi náà rẹ́rìn-ín.


Ọjọ́bọ̀, 22

Òwúrọ̀ tutù, ọ̀sán gbóná. Gáàsì tán, iye tí wọ́n fi rọ ọ́ fún mi ti tún gòkè.

Mo gbé Alhaji jókòó sí ẹnu ọ̀nà kí ó gba atẹ́gùn. Bàbá Olúsànyà, aládùúgbò wa, ń ti ìsìn bọ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, kò wọ bàtà, ó ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ yẹra fún òkúta. Ènìyàn rere ni. Kò gba ẹnu ọ̀nà wa kọjá rí kí ó má kí Alhaji.

"Alùfáà, ẹ kú àárọ̀ o. Ṣé dáadáa la jí? Dáadáa ni o. Ara ńkọ́? A dúpẹ́, ara ń mókun. Ó dàbọ̀, ẹ máa sinmi."

Ó béèrè, ó sì dáhùn. Ó fi ìlera fún Alhaji ju èyí tí Alhaji ní lọ. Alhaji gbé ọwọ́ òsì sókè díẹ̀, Bàbá Olúsànyà sì ti wọlé rẹ̀. Ọ̀wọ̀ ni mo ka èyí sí. Kò fẹ́ kí ojú ti àgbàlagbà.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 27

Ó ku díẹ̀ kí a wọ oṣù kejì. N kò tíì pinnu.

Dókítà Hephzibah yọ sí ojú kọ̀ǹpútà. Ó bi Alhaji bóyá ó sùn dáadáa. Mo ní ó sùn, ṣùgbọ́n ikọ́ jí i. Ó béèrè ohun tí ó jẹ. Mo ní ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín. Ó béèrè ẹsẹ̀. Mo ní ó ń dun ún ní orúnkún.

Dókítà ká ọwọ́ jọ. "Mà, ẹ má bínú. Alhaji ni mò ń bi láti àárọ̀, mi ò tíì gbọ́ nǹkan kan lẹ́nu wọn."

Mo ní, "Wọn ò lè sọ ọ́ ni, Dókítà."

"Mo mọ̀, Mà. Ṣùgbọ́n ẹ ò fún wọn láyè kí wọ́n tiẹ̀ kùnà."

Ọmọ tí kò tó Aasiyah ni, ó sì fi ìwọ̀ntúnwọ̀nsì sọ ọ́. Mo bi í báwo ni ó ṣe yẹ kí a dúró pẹ́ tó bí a bá bi wọ́n ní nǹkan. Ó ní, "Títí ojú á fi máa tì yín. Lẹ́yìn náà, kí ẹ tún dúró díẹ̀ sí i."

Alhaji ń wò mí ní gbogbo àsìkò yìí. Kò wo dókítà.


Ọjọ́rú, 28

Kò sí ọyẹ́ mọ́. Ooru ti gba ipò rẹ̀.

Mo ronú títí lórí ọ̀rọ̀ àná. Nínú ẹ̀sìn wa, bí wọ́n bá sálámà sí àwùjọ, tí ẹnìkan nínú wọn bá dáhùn, ó ti tó fún gbogbo wọn. Láti ìgbà àìsàn yìí, ẹnikẹ́ni tí ó bá wọlé sálámà, èmi ni mo ń yára dáhùn, ọkàn mi sì ń balẹ̀ pé mo ti san gbèsè àwa méjèèjì. Òfin náà tọ̀nà. Èmi ni mo fi ti ẹnu Alhaji pa.

Lónìí, mo lọ pàdé Bàbá Olúsànyà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kí Alhaji lẹ́ẹ̀kan péré, kí ó sì dákẹ́. Ó ní, "Alhaja, ojú ló ń tì mí ni mo fi ń sọ̀rọ̀ púpọ̀." Mo ní mo mọ̀, èmi náà ni.

Ó kí i. Ó sì dúró. Ètè bàbá náà ń jẹ bí ti ewúrẹ́, nítorí èsì ti kún ẹnu rẹ̀. Níkẹyìn ó fi ọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. Ẹni tí ń ta búrẹ́dì kọjá, ó wò wá, ó tún bojú wẹ̀yìn. Àlùbọ́sà tí mo fi sórí iná ti ń jó, mo ń gbọ́ òórùn rẹ̀.

Alhaji ní, "Ẹ... kú..." Kò lè parí rẹ̀.

Bàbá Olúsànyà kò bá a parí rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí iyanrìn nínú aṣọ funfun, bẹ́ẹ̀ ó ju Alhaji lọ lọ́jọ́ orí.


Ọjọ́ Ẹtì, 30

Lẹ́yìn ìrun Alásárì mo gbé àga síwájú Alhaji. Mo gbé kọ̀ǹpútà lé àárín wa. Mo rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí ń rojọ́ níwájú adájọ́: ìkìlọ̀ tí ó ń yọ, ètò ìgbọ́hùn tí yóò kú, dókítà tí kò ní lè wọlé mọ́, ohun tí Táyéwò sọ, ohun tí Lémọ́mù sọ, ohun tí Aasiyah sọ. Bí mo ti ń sọ ọ́ ni mo rí i pé gbogbo ayé ni mo ti bi, Ọlọ́hun pàápàá, àfi ẹni tí ó ni ẹnu.

Mo ní, "Alhaji, èwo ni ẹ fẹ́?"

Ìbéèrè tí ó tóbi jùlọ tí mo ti bi í láti ìgbà àìsàn ni bóyá omi ni tàbí tíì. Mo ká ọwọ́ lé itan. Ojú tì mí, mo tún dúró. Òógùn yọ ní iwájú orí rẹ̀, iṣan ọrùn rẹ̀ dìde.

"Ó tó," ni ó wí.

Mo rò pé ẹjọ́ mi ni ó gùn jù. Mo ní, "Ọ̀rọ̀ mi ni ó tó?" Ó mi orí pé rárá. Ó gbé ọwọ́ òsì, ó nà án sí kọ̀ǹpútà.

"Ohùn... yẹn. Ó tó."

Mo ní, "Ohùn yín ni, Alhaji."

Ó di ojú. Ó ń wá nǹkan nínú ara rẹ̀, mo sì rí i bí ó ti ń wá a. Nígbà tí ó rí i, ó là á mọ́lẹ̀ bí ẹni tí kò ṣàìsàn rí.

"Yẹ̀yẹ́."

Lẹ́yìn náà ó kọjú sí ògiri gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe láràárọ̀ bí mo bá tan ohùn náà. Ìgbà náà ni ògiri ọ̀hún tó yé mi.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 31

Òjò kékeré kan rọ̀, òjò tí kò ní ìdí ní àsìkò yìí. Kò pa eruku.

Mo ti rò pé ó ń gbọ́ ohùn ara rẹ̀ kí ó lè rántí ni. Òwúrọ̀ kọ̀ọ̀kan ni mo ń gbé ọkùnrin tí ó ti jẹ́ rí síwájú rẹ̀, ọkùnrin tí ọ̀rọ̀ ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, tí èmi sì ń sọ fún un pé ó yá, ẹ tẹ̀lé e. Ta ni mo ń tan ohùn náà fún? Mo máa ń dá iṣẹ́ ilé ìdáná dúró láti gbọ́ ọ. Mo mọ ibi tí yóò ti ṣe àwàdà. Èmi ni mo ń lọ sí wàásù.

Ìyàwó rẹ̀ ni mo jẹ́, kò burú kí n ṣàárò ohùn ọkọ mi. Ṣùgbọ́n oògùn kọ́ ni fún un, mo sì ti ń fún un mu.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́hun. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó yàn fún mi, ó sì yàn láti ẹnu ẹni tí n kò fetí sí. N kò mọ̀ bóyá bẹ́ẹ̀ ni ìsìtìkáárà ti ń rí fún ẹlòmíràn.


Ọjọ́ Ajé, 2 Oṣù Kejì

Iná wà láti òwúrọ̀. N kò pè é ní àmì.

Kí Táyéwò tó dé, mo tọrọ ohun kan lọ́wọ́ Alhaji. Wàásù kan wà tí ó ṣe lórí Ànábì Yúsúfù. Ní àárín rẹ̀ ó húkọ́, ó béèrè omi, a sì ń gbọ́ ohùn èmi láti ibi tí àwọn obìnrin wà: "Omi ń bọ̀, Alhaji." Mo ní ṣé mo lè fi fóònù gbà á sílẹ̀ fún ara mi nìkan, n kò ní tàn án létí rẹ̀. Mo dúró.

"Tìẹ ni," ni ó wí. Ẹ̀gbẹ́ ẹnu rẹ̀ kan rẹ́rìn-ín, èyí tí ó lè rẹ́rìn-ín.

Mo gbé fóònù sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà nínú yàrá, mo ti ìlẹ̀kùn, mo gbọ́ ọ dé òpin.

Táyéwò bi mí lẹ́ẹ̀mejì bóyá ó dá mi lójú. Mo ní kí ó bi Alhaji. Ó yà á lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó kúnlẹ̀, ó bi í, ó sì gba èsì tirẹ̀, orí tí a mì pé bẹ́ẹ̀ ni. Iṣẹ́ náà gùn títí di ìgbà tí mo ti kí ìrun Ayílà tí mo sì se ìrẹsì fún un. Ojú kọ̀ǹpútà ti yí padà, gbogbo nǹkan ti kúrò ní ipò tí mo fi wọ́n sí, bí ilé tí àlejò bá wa tò. Mo tẹ ètò ìgbọ́hùn láti rí i fún ara mi. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó sì kú, gẹ́gẹ́ bí Táyéwò ti wí.

Ó dùn mí. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí pé òótọ́ ni.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3

Dókítà wọlé láìsí ìdíwọ́. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, a tilẹ̀ rí àlàfo eyín rẹ̀. Ó bi Alhaji bóyá ó sùn. Mo jókòó lé ọwọ́ ara mi. Alhaji ní, "Rárá." Dókítà ní kí ló dé. Ó pẹ́ kí ó tó ní, "Ẹ̀fọn."

N kò mọ̀ pé ẹ̀fọn ń jẹ ẹ́. Ikọ́ ni mo ti ń rò.


Ọjọ́ Ẹtì, 13

Mo ra ẹ̀wà, ṣúgà àti dàbínù sílẹ̀ de ààwẹ̀. Ṣúgà ni mo dín kù. Ooru pọ̀. Alhaji dá Lémọ́mù lóhùn sálámà lónìí, ó gbé èyí tí ó pọ̀ nínú rẹ̀ mì, ṣùgbọ́n ó dé òpin.


Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 17

Wọ́n kéde pé wọ́n ti rí oṣù. Àlùbáríkà ni kí ó jẹ́ fún wa.


Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ààwẹ̀ kẹrin

Òjò ṣú lọ́sàn-án, kò rọ̀. Aasiyah wá bá wa ṣínu. A jẹ dàbínù, a mu omi, mo sì tẹ́ ẹní mi sí igun tí mo ti máa ń dá kírun láti ìgbà àìsàn. Oníkálùkù wa ni ó ń dá kí tirẹ̀. Alhaji kò lè ké Fátíà síta, obìnrin kò sì lè ṣe lémọ́mù fún ọkùnrin.

Alhaji ti àga rẹ̀ síwájú, ó kọjú sí gábàsì. Ó bojú wo ẹ̀yìn.

"Ẹ tò," ni ó wí.

Aasiyah wò mí. Mo gbé ẹní mi kúrò ní igun. A tò lẹ́yìn rẹ̀, èmi àti ọmọ mi, èjìká kan èjìká.

Ó kábàárà láti wọ ìrun. Ó bẹ̀rẹ̀ Fátíà. Ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan jáde bí omi tí a ń fà láti inú kànga jíjìn, ó ń kọlu ẹ̀gbẹ́, ó ń dà nù díẹ̀, ó sì ń dé òkè. Nígbà tí ó dé ẹsẹ tí ó sọ pé Ìwọ nìkan ni a ń sìn, ó dúró. Kò sí ohùn mọ́.

Bí lémọ́mù bá gbàgbé, ọkùnrin tí ń bẹ lẹ́yìn lè rán an létí. Obìnrin kì í la ẹnu; a máa ń pa ẹ̀yìn ọwọ́ ni. Mo ti gbé ọwọ́ mi ọ̀tún sókè. Mo gbọ́ tí Aasiyah fa èémí. Ní ìta, àwọn mọ́sáláásí àdúgbò ti tẹ̀ba, wọ́n ti forí kanlẹ̀, wọ́n ti dìde. Ẹsẹ̀ ń ro mí. Ojú ń tì mí fún un, lẹ́yìn náà kò tì mí mọ́. Mo gbé ọwọ́ mi padà sí àyà.

A dúró lẹ́yìn rẹ̀ títí. Ó rí ọ̀rọ̀ náà. Ó gbé e, ó gbé èyí tí ó tẹ̀lé e, ó sì rìn dé òpin láìsí ẹni tí ó mú un lọ́wọ́.

Èmi àti ọmọ mi ṣe àmín.